Owó Igi Tó Wọ Inú Fọ́ọ̀mù Owó Orí Mi

Èmi ni mo máa ń kẹ́yìn wọ ọkọ̀ ní èbúté wa ní Ugbónlà. Kì í ṣe pé mo ń pẹ́ dé o. Mo máa ń dé ṣáájú ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n màá dúró sórí pákó, màá ka orí àwọn tó ti jókòó, màá wo bí etí ọkọ̀ ṣe ga sí omi tó, màá bi awakọ̀ bóyá epo rẹ̀ tó, màá sì bi í bóyá ó mú àjẹ̀ dání bí ẹ̀rọ bá kú lójú omi. Àwọn awakọ̀ ti mọ̀ mí. Bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á ní, "Ọlọ́pàá omi ti dé o!" Màá kàn máa ka orí lọ. Ẹni tí omi ti gbé mì rí, tó sì tún pọ̀ ọ́ jáde, kò sí yẹ̀yẹ́ tó lè dùn ún mọ́.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ náà. Ọkọ̀ tó ń ti ọjà bọ̀ ló dojú dé níbi tí odò ti fẹ̀. A pọ̀ nínú rẹ̀, àwa tó jáde kò pọ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó lórí omi, torí pé kò sí ẹyọ kan nínú ọkọ̀ náà. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni mo rọ̀ mọ́ títí àwọn apẹja fi wá fà mí jáde. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti bá mi gbé. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe tẹ́lẹ̀, yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ara mi yá, mo wá jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, mo tú u palẹ̀, mo wo bí wọ́n ṣe to inú rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán tèmi. Ẹ̀rù ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Títí dòní, mi ò lè ta jákẹ́ẹ̀tì tí mi ò tíì so àpò yanrìn mọ́, kí n sì jù ú sínú omi ẹ̀yìn ilé wa, kí n wò ó bóyá yóò rì.

Iṣẹ́ yìí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn fẹ́ ra jákẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ tó ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn abúlé etí omi wa. Mo gbé mélòó kan nínú tèmi lọ sí Ìgbókọ̀dá. Ọkùnrin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ náà fa okùn rẹ̀, ó tẹ inú rẹ̀, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ló fi òmíràn hàn mí, èyí tí àwọn oníṣòwò kan gbé wá láti Èkó. Ó ń dán, ó sì rẹwà. Mo ti ọwọ́ mi bọ ọrùn rẹ̀, apá mi méjèèjì kọjá papọ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, àgbàlagbà ni wọ́n rán èyí fún. Bí ọmọ kékeré bá wọ̀ ọ́ tó já sómi, jákẹ́ẹ̀tì á léfòó, ọmọ á rì."

"Mo rí i, ìyá. Tiyín ni mo fẹ́. Ó ní okùn tó ń gba abẹ́ itan, kò lè bọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ orúkọ yín sílẹ̀ láìsí ìwé ẹ̀rí owó orí. Ẹ mú un wá kí oṣù yìí tó parí. Bí ẹ ò bá mú un wá, tiwọn la máa rà, torí wọ́n ti ní ìwé tiwọn."

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá rí ìwé gbà, àwọn ọmọ wa á wọ ohun tó bá wọn mu. Bí mi ò bá rí i gbà, wọ́n á wọ ohun tí yóò bọ́ lọ́rùn wọn.

Mi ò jábọ̀ owó orí fún ẹnikẹ́ni rí. Ní etí omi níbí, a máa ń san owó èbúté, a máa ń san owó ọjà, ṣùgbọ́n kí èèyàn jókòó kó kọ ohun tó rí jẹ lọ́dún kan sínú ìwé kó sì fọwọ́ sí i, iṣẹ́ àwọn alákọ̀wé la ka ìyẹn sí. Èmi kàwé díẹ̀, n kò kà á jìnnà. Síbẹ̀, mo lọ sí ọ́fíìsì owó orí lọ́jọ́ kan náà, kí ọkàn mi má baà yí padà.

Ọkùnrin kan jókòó sábẹ́ agboòrùn ní iwájú ọ́fíìsì náà, ó ní tábìlì, ó ní bírò tó pọ̀ lápò àyà.

"Ìyá, owó orí ni? Ẹ jókòó. Ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ibí, màá kọ ìyókù."

"Kí lẹ máa kọ?"

"Ohun tó bá yẹ ni, mà."

"Ẹ kọ ọ́ kí n tó fọwọ́ sí i."

"Háà, ìyá! Ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

"Mi ò tíì mọ̀ yín ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀. Iye tó dá lé mi á ra fóòmù, tìmùtìmù inú jákẹ́ẹ̀tì, tó tó fún ìdajì kíláàsì kan. Mo ní mò ń bọ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Obìnrin kan ló wà lójú fèrèsé inú lọ́hùn-ún, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Mo ṣàlàyé ara mi fún un. Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ, ó tì í sí mi.

"Ọ̀fẹ́ ni, mà. Fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́, jíjábọ̀ náà ọ̀fẹ́. Ẹ lè ṣe é lórí fóònù, ẹ sì lè fọwọ́ kọ ọ́. Owó tí iṣẹ́ yín mú wọlé lọ́dún tó kọjá, ẹ kọ ọ́ síbí. Ohun tí ẹ ná sórí iṣẹ́ náà, ẹ kọ ọ́ síhìn-ín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ wá mú àkọsílẹ̀ báǹkì yín mọ́ ọn."

"Bí mo bá ṣì í kọ ńkọ́?"

"Ẹ padà wá, a ó jọ wò ó."

"Wọn ò ní mú mi?"

Ó gbójú sókè. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. "A kì í mú ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, mà."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ugbónlà kì í dúró lójú kan, nítorí náà mo ní ìwé ni màá fọwọ́ kọ. Mo gba ẹ̀dà méjì, bóyá ọ̀kan á bàjẹ́. Mo wé wọn sínú ọ̀rá, mo tún fi ọ̀rá mìíràn wé ọ̀rá náà.

Apẹja ni ọkọ mi. Nígbà tí mo tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sórí máṣíìnì ìránṣọ mi, ó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo pẹ́ńsù tí mo gbẹ́ ṣónṣó, ó wo rọ́bà ìpawérẹ́, ó wo èmi.

"Ìwọ tí o kì í jókòó sórí àga kí o má kọ́kọ́ mì í wò, ìwọ lo fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba?"

"Torí pé mo máa ń mì í wò ni mo ṣe fẹ́ fọwọ́ ara mi kọ ọ́."

"Ẹja tí àwọn èèyàn fi ń san owó aṣọ ńkọ́? Ìyẹn náà ń wọlé."

Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ni kì í fi owó san owó mi. Wọ́n á gbé ṣáwá wá, wọ́n á gbé edé wá, nígbà mìíràn ẹja ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n fi ewé bò. Mo ní, "Màá kọ iye tí ìbá jẹ́ lọ́jà."

"Àtèyí tí a ti jẹ?"

"Àtèyí tí ẹ jẹ."

Ó yíjú padà sí àwọ̀n rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ pé egungun rẹ̀ pọ̀."

Ìnáwó kò nira. Fóòmù, aṣọ, òwú, bọ́tìnì, epo jẹnẹrétọ̀, mo ní rìsíìtì gbogbo wọn, torí pé mi ò kí ń kúrò ní ìsọ̀ ẹnikẹ́ni láìgba rìsíìtì. Owó tó wọlé ló wá kù. Mo gbé àkọsílẹ̀ báǹkì, mo ń tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohunkóhun tó bá ti wọlé, mo kọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Kí ẹ tó lè mọ irú àṣìṣe tó jẹ́, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa igi.

Àwọn obìnrin àdúgbò wa ń yan ẹja. Igi ni wọ́n fi ń yan án, igi náà sì ń ti inú ẹsẹ̀ odò wá, ọkọ̀ ńlá kan lẹ́ẹ̀kan náà. Oníigi kì í tà á ní ìdì kọ̀ọ̀kan. Kí a tó já igi inú ọkọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ kí gbogbo owó rẹ̀ wọlé sí báǹkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, àwọn obìnrin náà máa ń da owó jọ sọ́dọ̀ ẹnì kan, ẹni náà á sì fi ránṣẹ́. Èmi ni wọ́n yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò yan ẹja. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ló yàn mí, ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyè, bí a ti ń pe ìyá ní ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà ni pé, "Ẹni tó bẹ̀rù omi tó báyìí á bẹ̀rù owó olówó." Kò sẹ́ni tó jiyàn. Láti ìgbà náà, owó igi ń wọ àpò báǹkì mi, kì í sùn níbẹ̀, ó ń jáde lọ sọ́dọ̀ oníigi. Ẹnikẹ́ni kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Gbogbo wa la máa ń dúró létí omi, wọ́n á já igi, wọ́n á pín in lójú gbogbo èèyàn, ó parí.

Nígbà tí mo rí owó igi nínú àkọsílẹ̀ báǹkì, mo ní orúkọ mi ló wà lórí ìwé, orúkọ mi ni owó náà bá wọlé, mi ò sì fẹ́ kí ìjọba sọ pé mo fi nǹkan pamọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ibi owó tó wọlé. Nígbà tí mo dé ibi ìnáwó, mo dúró. Igi kì í ṣe ohun tí a fi ń rán aṣọ. Bí mo bá kọ pé mo fi igi rán jákẹ́ẹ̀tì, irọ́ nìyẹn. Mi ò kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo owó igi àdúgbò ṣe wọlé sínú fọ́ọ̀mù mi tí kò sì rí ọ̀nà jáde.

Mo ṣírò rẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo tún un ṣírò. Ohun tó bọ́ sísàlẹ̀ ju máṣíìnì mi àti ìsọ̀ mi lọ, ó ju gbogbo aṣọ tó so kọ́ sínú rẹ̀ lọ. Mo pe ọkọ mi kó wá wò ó.

Ó wò ó pẹ́. "Ṣé wọ́n gbẹ́ kànga epo rọ̀bì sábẹ́ máṣíìnì rẹ ni? Ṣebí Mólútẹ́hìn ni mo gbọ́ pé epo wà."

Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Bí mo bá jẹ ìjọba ní owó bẹ́ẹ̀, níbo ni màá ti rí i san, ta ni yóò sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí kankan?

Mo padà sí Ìgbókọ̀dá. Ọkùnrin abẹ́ agboòrùn yọjú wo ìwé ọwọ́ mi, ó bi mí ibi tí owó ńlá yẹn ti wá, mo ní owó igi àdúgbò ni, ó sì mi orí. "Mo sọ fún yín, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní fọ́ọ̀mù tuntun. Gbogbo èyí tó jẹ́ owó igi, a ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Ó wà nínú ìwé báǹkì."

"Ta ló máa ka ìwé báǹkì?"

Mo wọlé lọ bá obìnrin ojú fèrèsé. Ó ka ìwé báǹkì. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi bírò tọ́ ibì kan, ó tọ́ ibòmíràn.

"Mà, owó yìí ń wọlé láti ọwọ́ èèyàn púpọ̀, ó sì ń jáde sí ọwọ́ ẹnì kan. Ta ló ni ín?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ igi fún un. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Kí ló wá dé tí ẹ kọ ọ́ sí owó tó wọlé fún yín?"

"Ó wọlé."

"Ó kọjá ni, mà. Owó tó gba ọwọ́ yín kọjá kì í ṣe èrè yín. Òfin ò ní kí ẹ san owó orí lórí owó ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé ti ẹlòmíràn ni. Rìsíìtì dà?"

"Oníigi kì í fúnni ní rìsíìtì." Ó jẹ́ ohun ìtìjú fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀.

"Kí àwọn tó ni owó kọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i."

"Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn kò lè kọ̀wé."

Ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. "Kí wọ́n wá, nígbà náà. Kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn níwájú mi, màá kọ ọ́, wọ́n á tẹ̀ka sí i. Ṣùgbọ́n kó má kọjá ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ náà la máa parí ìwé oṣù yìí."

Mo jáde, mo jókòó sórí ìdènà gọ́tà. Owó orí kò bà mí lẹ́rù mọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọkọ̀ tó kún fún obìnrin, tó ń ré ibi tí odò ti fẹ̀ kọjá, nítorí èmi. Mo ti jókòó sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, orí ta ni yóò wà?

Nígbà tí mo délé, mo lọ bá Ìyè nídìí ẹja rẹ̀. Ó ń yí ẹja padà lórí irin àdìrò rẹ̀, èéfín sì ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Mo rò fún un. Mo ní mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí àwọn ará Èkó máa gbé tiwọn wá.

Kò gbójú sókè. "Jákẹ́ẹ̀tì tí yóò bọ́ lọ́rùn ọmọ-ọmọ mi?"

"Ìyè, ẹ̀rù ọkọ̀ ló ń bà mí. Gbogbo yín nínú ọkọ̀ kan."

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rù kò ba àwa náà? Ìwọ kàn ń pariwo tìẹ ni." Ó yí ẹja mìíràn. "Owó wa ti wà lọ́wọ́ rẹ láti ọjọ́ yìí, kò dín rí. Ṣé a ó wá jókòó nílé kí ìjọba gba owó orí igi wa lọ́wọ́ ìwọ tí o kì í yan ẹja? Á di ohun ẹ̀sín. A ń lọ."

"Ẹ máa wọ jákẹ́ẹ̀tì. Gbogbo yín."

"A ó wọ̀ ọ́."

"Ọkọ̀ méjì, kì í ṣe ọ̀kan."

Ìgbà yìí ló tó wò mí. "Kí o tó kú, wàá ti mú wa ya wèrè. Ọkọ̀ méjì."

Jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, èyí tí mo rán fún títà fún àwọn apẹja. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a lọ, mo dúró sórí pákó èbúté, mo ń wọ̀ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń di okùn. Ariwo wọn gba gbogbo omi.

"Ṣé ogun là ń lọ ni?"

"Èyí ò gba àyà mi o."

"Tú okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀," mo sọ.

"Okùn ti tán, àyà ṣì kù!"

Àwọn awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Ọ̀kan ní, "Ọlọ́pàá omi ti gba ṣọ́jà síṣẹ́." Mo ka orí ọkọ̀ àkọ́kọ́, mo ka ti èkejì. Mo bèèrè epo, mo bèèrè àjẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo wọlé, mo jókòó láàárín.

Nígbà tí a dé ibi tí odò ti fẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́ wá láti apá òkun, omi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo di pákó mú. Awakọ̀ dín eré kù láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ẹnì kan nínú àwọn obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ lórí iye tí ẹja gbígbẹ ń lọ, kò sì dákẹ́, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó jókòó sí ìdí àdìrò rẹ̀. Mo tẹ́tí sí i. Mo gbájú mọ́ iye ẹja. A kọjá, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó dà bí ọ̀rọ̀ lásán, ṣùgbọ́n fún èmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán rárá.

Wọn ò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì nígbà tí a gúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n bọ́ ọ, Ìyè ní ta ni yóò máa gbé e kiri. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gba ọjà kọjá, gbogbo wa nínú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, òórùn èéfín ẹja sì ń ṣáájú wa. Nígbà tí a dé iwájú ọ́fíìsì, ọkùnrin agboòrùn dìde.

"Ìyá, mo ti dín owó náà kù fún yín o!"

Ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn, "Máa dín in kù lọ, ọmọ mi. Bó bá di ọ̀fẹ́, wá pè wá."

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ dúró, ẹ dúró. Ṣé òkun ti ya dé Ìgbókọ̀dá ni?"

"Kò tíì ya dé," Ìyè sọ, "ṣùgbọ́n bó bá dé, ta ni yóò gbà ọ́ là níbí?"

Ó yà fún wa.

Obìnrin ojú fèrèsé rí wa, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó jáde wá sí gbọ̀ngàn, ó wá àga fún àwọn àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni yín, kí ni iṣẹ́ yín, ṣé ẹ̀yin lẹ fi owó yìí ránṣẹ́ sí ìyá yìí, kí lẹ fi rà? Wọ́n ń dáhùn, ó ń wo ìwé báǹkì, ó ń sàmì sí i. Ọkàn mi ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan àwọn méjì tí wọ́n máa ń bára wọn jà lórí igi.

"Ìdì tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo san owó rẹ̀," ọ̀kan sọ.

"Ìwọ kọ́! Ìwọ san ti igi tútù."

"Igi tútù wo? Ìwọ tí ẹja rẹ ń rùn bí ọṣẹ!"

"Ẹ̀yin ìyá," obìnrin owó orí sọ, ó kan bírò mọ́ tábìlì. "Ṣé nínú ìjà yìí, ìkankan nínú yín ń sọ pé ìyá aránṣọ ló ni owó náà?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí i pọ̀. "Ìyẹn? Kò ní ẹja, kí ni yóò fi igi ṣe?"

"Mo ti gbọ́." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ̀rí tó dára jù nìyẹn láti àárọ̀."

Ó ka gbogbo ohun tó kọ sí wọn létí, ó sọ ọ́ lédè wa, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n tẹ̀ka. Lẹ́yìn náà, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù tuntun àti bírò. Mo bèèrè pẹ́ńsù, ó ní, "Bírò, mà. Ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo jókòó sí igun tábìlì, wọ́n yí mi ká bí ẹni tó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹja ńlá. Mo kọ owó jákẹ́ẹ̀tì. Mo kọ owó yunifọ́ọ̀mù. Mo kọ iye ṣáwá àti edé. Owó igi, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo kọ ìnáwó, mo yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí mo parí, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣírò lórí ẹ̀yìn ìwé kan, ó bára mu. Mo fọwọ́ sí i. Kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yẹ ibi ẹja wò, ètè rẹ̀ sì mì, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ re. Ohun tó kù fún yín kò tó èyí tí òfin ní ká gba owó orí lórí rẹ̀. Ẹ ò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀."

"Ṣé mo ṣì máa gba ìwé?"

"Ẹ ti jábọ̀, ẹ sì jábọ̀ òótọ́. Ìwé yín ni."

Ó lù ú ní òǹtẹ̀. Ariwo tí àwọn obìnrin náà pa mú ẹ̀ṣọ́ sáré wọlé. "Ẹ rọra! Ọ́fíìsì ni!"

"Kò sí òkú níbí," Ìyè sọ fún un, "ẹ jẹ́ ká yọ̀." Ó sì yí padà sí fèrèsé. "Ọmọ mi, tèmi dà? Ọ̀fẹ́ kọ́ lo ní? Bí aránṣọ yìí bá lè kọ tirẹ̀, á bá mi kọ tèmi." Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo wọn ti na ọwọ́, wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù, wọ́n sì ń bi mí léèrè bóyá igi jẹ́ ìnáwó fún ẹni tó ń yan ẹja. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ láìkọ́kọ́ wojú obìnrin ojú fèrèsé.

Mo fi wọ́n síbẹ̀, mo gbé ìwé mi lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ọkùnrin náà gbà á, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó wo òǹtẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló bá yín ṣe é?"

"Èmi ni."

"Mo mọ̀ pé tiyín ni. Mo ní ta ló bá yín kọ ọ́? Ẹni abẹ́ agboòrùn yẹn?"

"Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Mo san owó ọkọ̀, mi ò san nǹkan mìíràn."

Ó ṣí fáìlì kan, ó kọ orúkọ mi sí i níṣojú mi. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, kí n rán ti àwọn ọmọ kékeré ṣáájú, òun á gbé ti Èkó padà fún àwọn tó ni ín. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò dìde. Ó bi mí ohun tó kù.

"Ẹ kọ ọ́ fún mi pé ẹ ti gba ìwé mi lọ́wọ́ mi lónìí, kí ẹ sì fọwọ́ sí i."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ ọ́. Mo kà á, mo sì ní kó fi òǹtẹ̀ sí i. Nígbà tó ti fi í sí i, mo ká ìwé náà sínú ọ̀rá, mo gba ọjà lọ sí ìsọ̀ aláṣọ, mo sì ní kí wọ́n gé ìgàn aṣọ àwọ̀ ọsàn kan fún mi, kí wọ́n má sì gbàgbé rìsíìtì.